Ata Kòríà Tó Gbé Mi Wọ Ilé Ìdáná

Ilé wa, Ipogun.

Ìrètíolúwa, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Olúwajùwọ́nlọ ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ń mu ọmú dáadáa? Bọ́láwálé ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ìjọba kò fìyà jẹ ẹ́ jù? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìkòkò ọbẹ̀ ìdílé wa gbẹ rí, òun ni kò ní jẹ́ kí tìrẹ náà gbẹ. Ọmọ náà yóò dàgbà lójú ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kò ní fi ẹkún sin ín. Àmín.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa níhìn-ín, dáadáa ni a wà. Mo ní a wà nítorí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà nìyẹn, èmi nìkan ni mo wà nílé. Èmi àti ewúrẹ́ ìyá rẹ, tó bí ìbejì, tí kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ọyẹ́ ti dé, a ti ká kòkó tán, ẹnu mi sì ti bó.

Mo mọ̀ pé wàá béèrè ìdí tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù kì í ṣe ohun tí à ń sọ ọ̀rọ̀ ilé sí. Nígbà tí mo pè ọ́ lọ́jọ́sí, mo ní kí o yẹra sí kọ̀rọ̀ kí n bá ọ sọ ọ̀rọ̀ kan, àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ìyá rẹ bú sẹ́rìn-ín nínú fóònù náà. Mi ò mọ bó ṣe débẹ̀. Mo bá kí i, mo ní kò sí nǹkan, mo sì pa á. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju pé ìgbà tí ìyá rẹ ń lọ, iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni, ó ní òun ń lọ bá ọ wẹ ọmọ títí ọrùn rẹ̀ yóò fi le. Mo wá gbọ́ pé ọmọ náà ti ń rá. Ọmọ tó ń rá káàkiri pálọ̀, ṣé ọrùn rẹ̀ kò tíì le ni? Mi ò bínú o, mo kàn ń béèrè ni.

Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ ata Kòríà tí o fi ránṣẹ́. Nígbà tí dírẹ́bà gbé ike pupa náà lé mi lọ́wọ́, tí kò sọ nǹkan kan, mo rò pé ìpara orúnkún tí mo ti ń bẹ̀ ọ́ pé kí o rà fún mi ló dé. Mo ṣí i, ó pupa, ó ki, òórùn rẹ̀ sì jọ ti irú pẹ̀tẹ̀ tó rìnrìn àjò. Mo fi pa orúnkún méjèèjì, mo jókòó síta kí oòrùn lè jẹ́ kó wọlé. Ọmọ mi, ó ta! Mo ń yin àwọn tó ṣe é lógo lọ́wọ́ ni mo rí i tí èèrà tò láti ẹsẹ̀ àga dé orúnkún mi. Mo sì ti dàgbà tó láti mọ̀ pé èèrà kì í wá ìpara lọ. Mo fi ìka tọ́ ọ wò, ó dùn, ó ta, ó sì kan díẹ̀, ni mo bá mọ̀ pé oúnjẹ ni mo fi para. Àmọ́ kí n sọ òtítọ́, orúnkún ọ̀tún kò dùn mí mọ́ láti ọjọ́ náà. Tòsì ṣì ń rò ó.

Nígbà tí o wá ṣàlàyé fún mi pé ata gígún, ìrẹsì àti ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń pò pọ̀, tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú ìkòkò ńlá, tí wọ́n á fi í sínú oòrùn fún ọ̀pọ̀ oṣù, orí mi wú. Ẹni tó lè gbé ata pamọ́ tó bẹ́ẹ̀ láì fọwọ́ kàn án, onísùúrù ni. Àwa tí à ń se irú mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àwọn mìíràn rò pé ohun tó bá ti ń rùn ti bàjẹ́ nìyẹn, àwa àti àwọn ará Kòríà la mọ̀ pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dára.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ mi nìyí. Ìyá Monílọ́lá, opó tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa, ló máa ń gbé abọ́ wá fún mi lálaalẹ́ tẹ́lẹ̀. Obìnrin náà mọ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí í sè, ó sì máa ń dúró kí n jẹ tán. Mo ti ní kí ó dáwọ́ dúró nítorí ẹnu ayé. Má sọ eléyìí fún ìyá rẹ. Bí ó bá sì wù ọ́ kí o sọ fún un, mi ò lè dí ọ lẹ́nu.

Bí mo ṣe wọ ilé ìdáná nìyẹn, èmi ọmọ àádọ́rin ọdún. Mo ṣí fídíò tí o fi sínú fóònù mi. Obìnrin Kòríà inú rẹ̀, kí Ọlọ́run bù kún àwọn òbí tó bí i. Kí ó tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ rárá, ó káwọ́ síwájú, ó tẹrí ba, ó kí mi. Mo yára wá ẹ̀wù wọ̀, mo ní kú iṣẹ́ o, ọmọ mi, mo sì béèrè ọkọ rẹ̀. Kò dáhùn, mo rò pé kò tíì lọ́kọ ni, ojú sì tì í. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni ìkánjú. Iná mi kò tíì ràn, òun ti ń ro ọbẹ̀. Mo ní kó dúró dè mí, kò dúró. Mo bá dojú kọ ààrò, ìgbà tí n ó fi gbójú sókè, ojú fóònù ti ṣú, ó ti bínú lọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó bá tún yọjú, ó tún tẹrí ba, ó tún kí mi látìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí a kò bá jà rí. Ìrètí, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé ìsinsìnyí. Nígbà tó yá, fóònù ní dátà ti tán, mo sì mọ̀ pé àárẹ̀ ló mú un, kì í ṣe ọ̀nà kékeré ló ti wá bá mi se ọbẹ̀. Mo gbàdúrà ọkọ rere fún un.

Ìgbín ni mo sè. Mo ṣa wọ́n lábẹ́ kòkó, mo fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n bí ìyá rẹ ti ń ṣe. Mo yí àlùbọ́sà nínú òróró, mo bu ata náà sí i, mo da omi díẹ̀ lé e, gbogbo ilé sì gba òórùn. Kí dátà tó tán, obìnrin yẹn ti bu ṣúgà sí tirẹ̀. Mo kígbe. Ṣúgà nínú ọbẹ̀! Ìgbà náà ni mo rántí pé ìyá rẹ, ọmọ Oǹdó, ṣúgà ló ń bù sí ẹ̀wà láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Mo bá a jà, mo bá a jà, títí mi ò fi lè jẹ ẹ̀wà tí kò ní ṣúgà mọ́. Mo bá bu díẹ̀ sí i, mo tọ́ ọ wò. Ọbẹ̀ náà dùn débi pé mo ké sí ìyá rẹ pé kó wá tọ́ ọ wò, mo sì na ṣíbí sẹ́yìn láì wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó gbà á. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí.

Irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ènìyàn fi jẹ ẹ̀bà. Mo se iṣu, mo gbé odó síta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán. O sì mọ àdúgbò wa, kò sílé tí wọn kò dá ìró odó rẹ̀ mọ̀. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, tiwa kò dún rí. Kí iyán tó kúnná, Ìyá Monílọ́lá ti yọ, Bàbá Ọmọ́táyọ̀ tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa tẹ̀lé e, wọ́n ń pariwo ẹ kú àbọ̀ bọ̀ láti ojú ọ̀nà, ìyá rẹ ni wọ́n ń kí. Wọ́n bá èmi tí mo di ọmọ odó mú, tí òógùn bò. Wọ́n béèrè ibi tó wà. Ọmọ mi, èmi náà yíjú wo ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí mo fi bu iyán fún wọn. Lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá Ọmọ́táyọ̀ fi ìka lá abọ́ mọ́, ó ní ẹni tó po ata yìí pọ̀ yóò rí ìjọba ọ̀run. Ìyá Monílọ́lá ní ọkùnrin tó bá mọ oúnjẹ sè báyìí, kí ló tún ń fi ìyàwó ṣe? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Mo bi í pé ta ni kí n wá máa sè é fún?

Mo mọ̀ pé Àkúrẹ́ kò jìnnà. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà kì í lọ mú ìyàwó rẹ̀ wálé láti ilé àna. Bọ́láwálé tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi kí n tó fi ọ́ fún un, ṣé èmi ni kí n wá lọ bẹ̀ ẹ́ lónìí pé kó fún mi níyàwó?

Nítorí náà, nǹkan méjì ni mo ń tọrọ. Ra ike ata Kòríà kan sí i fún mi, èyí ti ń tán lọ. Èkejì ni owó ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ dé Ipogun, ti ẹnì kan péré. Má fi í sí báǹkì mi, èmi kọ́ ni mo fẹ́ wọkọ̀. Ìyá rẹ ni kí o kó o lé lọ́wọ́, kí o sì bá a gbé àpò rẹ̀ dé gáréèjì. Sọ fún un pé mo ti ń gún iyán fúnra mi, kò ní fọwọ́ kan odó. Mo mọ̀ pé ọjà wọ́n níbi gbogbo. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ni agbára rẹ ká nínú méjèèjì, fi ata sílẹ̀, kí o fi ìyá rẹ ránṣẹ́.

Olúwa yóò jẹ́ kí ìwọ àti ọkọ rẹ gbó pọ̀, títí ẹ ó fi dé ibi tí oúnjẹ kò ní lè dùn lẹ́nu ẹnì kan bí ẹnì kejì kò bá sí nílé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Johnson Adélaní.