Ebè Ẹ̀gbọ́n Yín

Ọkọ mi Waris,

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Kíláàsì tí mo dá sílẹ̀ ní Peckham nílùú òyìnbó níbí, tí a fi ń kọ́ àwọn èèyàn láti gbin oúnjẹ láìnáwó púpọ̀, ń lọ dáadáa. Ewédú tí ẹ̀gbọ́n yín, baálé mi, gbìn kó tó kú ti hù. Òfin mi ni pé ebè tí olóko rẹ̀ ò bá wá mọ́, ẹlòmíì ni ká fún. Àmọ́ mò ń sọ fún àwọn tó ń dúró de ebè pé ilẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n yín ò dáa.

Yéwándé tí a jọ ń kọ́ wọn ní, "Aunty, ẹ̀yin tí ẹ kì í fi nǹkan falẹ̀, kí ló dé tí ẹ ò tíì fún ẹnikẹ́ni ní ebè yìí?" Mo ní kó lọ bomi rin tòmátò.

Mo sá díẹ̀ nínú ewédú náà, mo fi ránṣẹ́. Ẹ sè é fún Màmá. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má tíì gbọ́ ikú rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ wọn ló gbìn ín, pé ó kí wọn.

Ìyàwó yín,
Mìsítúrà