Ìkúnlẹ̀ Tí Tẹlifíṣọ̀n Gbé Dé Ẹdẹ

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ kú ọyẹ́ tó ń la ètè. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kàdúná níbí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ yẹn á bí yín nínú, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ká ìwé ìròyìn náà. Mo kí Màmá mi, mo kí àbúrò mi Lásísì àti ìyàwó rẹ̀, mo kí Ìyá Àgbà tí wọ́n bí yín, mo kí gbogbo agboolé wa, tọmọdé tàgbà. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ṣé ikọ́ Màmá ti lọ?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ sí yín láàárín oṣù méjì. Lásísì kọ̀wé sí mi pé ẹ kò já ẹyọ kan nínú wọn, abẹ́ ẹní lẹ ń kó wọn sí. Ó tún ní ẹ ní kí òun sọ fún mi pé n kò gbọdọ̀ wá sílé fún Iléyá, pé ọmọ tó dójú tì yín níwájú gbogbo Nàìjíríà kò ní bá yín jẹ ẹran. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ wa wá sínú ìwé ìròyìn. Mo mọ̀ yín. Ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá yìí láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ìpolówó ọṣẹ tó wà lẹ́yìn. Ìwé tí mo bá fi ọwọ́ kọ lè sùn sábẹ́ ẹní, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá tẹ̀ jáde, ẹ ó kà á. Ẹ dárí jì mí pé mo ń sọ ọ̀rọ̀ ilé lójú ayé. Ojú ayé náà ni wọ́n kúkú ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

N kò lè jókòó kọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá kọ ìlà mẹ́ta, màá dìde, màá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá máa wo títì bí ẹni tó ń retí àlejò, màá tún padà wá jókòó. Ọyẹ́ ibí ò jọ ti ilé. Eruku ẹ̀ ń wọ inú ọbẹ̀, ó ń wọ inú àpótí aṣọ tí mo tì pa. Ilé-iṣẹ́ aṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò rí òwú rà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ látìgbà tí ìjọba ológun ti ní owó ti tán nílùú. Ọjọ́ mẹ́ta péré là ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, owó oṣù náà sì ti rù bíi tiwa. Àwọn ọmọbìnrin méjì tí a jọ ń gbé yàrá ti padà lọ sí Ọ̀fà àti Ìwó. Ó ku èmi nìkan, èmi àti ìrònú, ìrònú ò sì jẹ́ kí n fi ìdí lélẹ̀.

Bàbá, ẹni tí ẹ rí nínú tẹlifíṣọ̀n yẹn, èmi ni. N kò ní sẹ́.

Lásísì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní ilé Bàbá Tíṣà, aládùúgbò wa tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ni gbogbo yín wà tí ẹ ń wo ìròyìn bí ẹ ti máa ń ṣe. Ó ní àwòrán páálí mílíìkì àti àpò ṣúgà ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà àwọn sójà, lẹ́yìn náà àwọn èèyàn tí wọ́n mú jókòó sórí ilẹ̀. Ó wá kan èmi, lórí orúnkún, mo dorí kodò. Bùbá tí ẹ rán fún mi nígbà tí mo ń bọ̀ ni mo wọ̀. Ó ní ọrùn bùbá náà lẹ kọ́kọ́ dá mọ̀ kí ẹ tó dá ojú mi mọ̀, pé ẹ pariwo pé iṣẹ́ ọwọ́ yín rèé. Bàbá Tíṣà wá túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún yín. Wọ́n ní oníròyìn sọ pé àwọn tó ń kó oúnjẹ ará ìlú pamọ́ nìyí, ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ti ń bẹ̀bẹ̀. Títí dòní n kò mọ̀ bóyá oníròyìn ló sọ ti ẹ̀bẹ̀ yẹn ni àbí Bàbá Tíṣà ló fi kún un.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́ ni. Ata ni mo fẹ́ lọ rà, agbọ̀n wà lọ́wọ́ mi. Mo gba ẹ̀gbẹ́ àwọn sítọ́ọ̀ ńláńlá tó wà lójú ọ̀nà ọjà kọjá, mo bá ọ̀pọ̀ èrò níbẹ̀. Àwọn sójà ti já sítọ́ọ̀ oníṣòwò kan, wọ́n sì ti kó gbogbo ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀ jókòó sínú eruku. Bàbá Sẹ́kọ̀nà wà lára wọn.

Ẹ kò mọ Bàbá Sẹ́kọ̀nà. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ náà ni wọ́n, ọmọ Sẹ́kọ̀nà tiwa yìí ni wọ́n. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kàdúná, tí n kò gbọ́ Haúsá kankan ju ẹ kú àárọ̀ lọ, àwọn ni wọ́n bá mi wá yàrá. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, ìyàwó wọn ló ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, bí ẹni pé mo wà ní ìta wa lọ́hùn-ún ni. Àwọn ni mo rí lórí ilẹ̀ lásán, wọ́n ti ṣí fìlà lórí wọn, wọ́n ń wolẹ̀.

Kí ni kí n ṣe, Bàbá? Ṣé kí n kọjá bí ẹni tí kò rí wọn? Ṣé ẹ rántí ọkùnrin ará ìsàlẹ̀ àdúgbò wa tó ti ẹ̀wọ̀n dé nígbà tí mo wà ní kékeré? Mo dúró gbọnrangandan kí i, nítorí mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń fi í ṣẹ̀sín. Ẹ ju aṣọ tí ẹ ń rán sílẹ̀, ẹ mú mi lọ́wọ́ padà dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹ ní kí n kúnlẹ̀ kí i. Ẹ ní nǹkan lè burú fún àgbà, kò sọ ọ́ di ọmọdé. Mi ò gbàgbé ẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé agbọ̀n sílẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá, Ọlọ́run á yọ yín. Wọ́n rọra sọ fún mi pé kí n dìde kí n máa lọ. Kí n tó dìde ni mo rí ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà sí èjìká, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dojú ẹ̀ kọ mí. Sójà kan jágbe mọ́ mi. Mo gbé agbọ̀n mi, mo lọ ra ata. Gbogbo rẹ̀ kò pẹ́ ju kí èèyàn mu omi lọ. Inú mi tiẹ̀ dùn lọ́nà ọjà pé mo kí wọn.

Tẹlifíṣọ̀n kò bá mi dé ọjà. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo ń ná ata. Kò sì sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá Bàbá Sẹ́kọ̀nà sílẹ̀, nígbà tí wọ́n rí i pé ọlọ́dẹ lásán ni wọ́n, pé tọ́ọ̀ṣì àti igi nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn, kọ́kọ́rọ́ ò sí níbẹ̀. Mo lọ kí wọn. Ẹnu ọ̀nà yàrá wọn ni mo bá wọn, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Mo wo ọ̀tún wo òsì, n kò rí oníkámẹ́rà kankan.

N kò ní tẹlifíṣọ̀n purọ́ o. Mo kúnlẹ̀, ó sì ní mo kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fún ìkúnlẹ̀ mi ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, orúkọ yẹn lẹ sì ń pè é títí di òní.

Èmi náà ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tẹlifíṣọ̀n kan wà ní ilé oúnjẹ ilé-iṣẹ́ wa. Bí wọ́n bá ti kó àwọn èèyàn jáde báyìí, a ó máa pàtẹ́wọ́, a ó máa ṣépè. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wà lára wọn tó pọn ọmọ, ó ń fi ìborùn bojú. Èmi ni mo sọ ọ́ sókè pé ojú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń tì í, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Ta ló sọ fún mi pé ó jalè? Ní báyìí, bí mo bá ń jẹun níbẹ̀, ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí tẹlifíṣọ̀n náà. Ọmọ ẹ̀yìn obìnrin yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi.

Bàbá, ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́kọ́ sọ fún mi pé asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pe rédíò. Síbẹ̀, bí rédíò tí ẹ fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ yín bá ti sọ̀rọ̀, àríyànjiyàn parí nìyẹn. Ṣé ẹ rántí ìgbà tó ní kẹrosíìnì ń bọ̀ ní Ẹdẹ? Gbogbo wa gbé garawa jáde, a tò láti àárọ̀, a ò rí nǹkan kan. Màmá ní rédíò ti purọ́. Ẹ ní rárá, mọ́tò tó yẹ kó gbé e wá ló purọ́. A fi yín ṣẹ̀fẹ̀ títí. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èmi máa jẹ́ mọ́tò yẹn.

Ó dùn mí. Kò dùn mí pé Bàbá Tíṣà gbà á gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀, ẹ rí i nínú àpótí, ẹ kò dá a mọ̀. Ọrùn aṣọ lẹ dá mọ̀.

Lásísì fi ọ̀rọ̀ kan há etí ìwé rẹ̀, ó ní kí n lè rẹ́rìn-ín díẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ìyá Àgbà máa ń wé gèlè kí wọ́n tó lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, nítorí wọ́n ní ọkùnrin inú ẹ̀ ń wo àwọn. Bí oníròyìn bá kí èèyàn, wọ́n á dá a lóhùn, wọ́n á tún máa ráhùn pé kì í béèrè àwọn ọmọ. Lásísì ní nígbà tí àwòrán mi jáde, tí gbogbo yín ń ké, tí Màmá káwọ́ lérí, Ìyá Àgbà na ọwọ́ sí mi. Wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́ mi, o kú ọjọ́ mẹ́ta, dìde, dìde, kí orúnkún má dùn ọ́. Ó ní ẹ pa wọ́n lẹ́nu mọ́, pé kì í ṣe ìkíni ni mo ń kí.

N kò rẹ́rìn-ín. Mo ka ibẹ̀ títí ìwé náà fi ya lójú ìṣẹ́po. Nínú gbogbo ilé, ẹni tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì ló rí ohun tí mo ń ṣe.

Màá wá sílé fún Iléyá, bí Ọlọ́run bá fẹ́. N kò ní yọ́ wọlé gba ẹ̀yìnkùlé. Ìta gbangba níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ yín ni màá ti kúnlẹ̀, níbi tí gbogbo àdúgbò á ti rí mi, kò sì ní sí oníròyìn tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè é ní ẹ̀bẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́, ẹ ní kí n dìde.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ojú tó ríran. Kó wo ikọ́ Màmá sàn, kó má jẹ̀ẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún yín lọ́wọ́. Ẹ bá mi kí Bàbá Tíṣà, n kò bínú sí wọn. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni, ẹ bá mi sọ fún Ìyá Àgbà pé mo gbọ́ ìdáhùn wọn.

Èmi ni ọmọ yín, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà,
Rísíkátù Àbẹ̀kẹ́