Ohùn Ìyá Àlímọ̀t Nínú Yàrá Tí A Kò Fojú Rí

Agbolé Onílẹ̀kẹ̀,
Ìsàlẹ̀ Gángan,
Ìsàlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Jíbrílù, ọ̀rẹ́ mi, ẹni bí ọkàn mi,

Mo bẹ̀ ọ́ kí o ka lẹ́tà yìí sókè lójú àwùjọ ìsọmọlórúkọ, nítorí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí àwọn tí ìkíni tọ́ sí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ẹni tí gbogbo yín ń sá sí abẹ́ òjìji wọn. Kí Ọlọ́run Ọba fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí wọn. Mo kí Àlùfáà àti àwọn alàgbà tí wọ́n jókòó tì wọ́n. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi rìn wá kò ní kọ. Mo kí aya rẹ, Khairiyyah, obìnrin rere tí àlejò kì í fẹ́ kúrò nílé rẹ̀. Mo kí Haleem ọmọ rẹ àti ìyàwó rẹ̀, ìyá ọmọ tuntun: ẹ kú ewu ọmọ. Gbogbo àlejò, láti orí àga dé orí ẹní, ẹ kú ìjókòó. Ìwọ ni mo kí kẹ́yìn, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ ni ẹjọ́ mi wà. Ṣé orúnkún rẹ ti fúyẹ́? Tèmi kò jẹ́ kí n lè wọ ọkọ̀ dé Abẹ́òkúta, ni mo fi rán Bilqis ọmọ mi sí yín.

O rántí kásẹ́ẹ̀tì tí o fi sí ìkáwọ́ mi lẹ́yìn tí a sin ìyá rẹ, Ìyá Àlímọ̀t. Ìwọ àti èmi ni a gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí a ṣì wà ní ilé-kéwú. Wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń fi oríkì ki gbogbo ọmọ agbolé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa sì jókòó ti rédíò títí omi fi tán nínú ìkòkò. Kò sí ẹ̀dà mìíràn. Nígbà tí okùn inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, Bilqis, tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìdúmọ̀tà, kó ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí kásẹ́ẹ̀tì já.

Èrò tèmi ni pé kí kọ̀ǹpútà náà wà nínú yàrá mi, kí n máa tì í. Bilqis kò gbà. Ó ní, “Bàbá mi, atẹ́gùn ọ̀sà ń jẹ irin, iná ìjọba ń lọ, ó ń bọ̀. Ọjọ́ kan ni yóò jó o. Ẹ jẹ́ kí a gba fáṣúà sẹ́fà.”

Mo ní, “Níbo ló wà, kí n lọ wò ó?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ kò lè fojú rí i, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ lẹ ń gbé láti kékeré.”

Ó wá ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tí orí mi fi wú, mo sì dúpẹ́ pé owó ilé-ìwé rẹ̀ kò ṣòfò. Ó ní kí n wo agbolé wa: ilẹ̀ kan, òrùlé kan, kànga kan, síbẹ̀ yàrá mẹ́tàdínlógún, olúkúlùkù pẹ̀lú ilẹ̀kùn tirẹ̀. Bákan náà ni ẹ̀rọ ńlá kan wà níbì kan tí iná kì í ti í kú, tí ó tóbi ju ohun tí ẹnì kan lè lò tán. Ètò kan wà nínú rẹ̀ bí olórí agbolé, tí ń pín ọpọlọ ẹ̀rọ náà àti àyè ìkẹ́rù rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ayálégbé. Ayálégbé kọ̀ọ̀kan yóò rò pé òun nìkan ló ni ẹ̀rọ. Bí tẹnì kan bá dàrú, kò kan ará yàrá kejì. Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń lò ó nìyẹn: o kò ní láti kọ́ odindi agbolé kí o tó rí ibi sùn, bí ẹrù rẹ bá sì pọ̀ sí i, wọn á fi àyè kún tìrẹ láìwó ògiri. Ọmọ wa tí ó wà ní Kánò àti èyí tí ó wà lókè òkun lè ti ibẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ó tún ní gbogbo ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń ya ẹ̀dà yàrá náà bí ó ti rí gan-an, kí a lè padà sí i bí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹ̀dà méjì péré ni wọ́n ń tọ́jú; tuntun a máa lé èyí tí ó pẹ́ jù jáde.

A gbà á, a sì kó ohùn náà kúrò nínú kọ̀ǹpútà lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe mi. Ìwọ mọ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ńlá wa, níbi tí kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá ń gbé, kí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé lè ṣílẹ̀kùn fún ọmọ ẹlòmíràn. Mo kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sẹ́fà náà sára páálí, gàdàgbà-gadagba, mo sì fi kọ́ sí ìṣó yẹn. Ohun ẹbí ni, kí ẹbí rí i lò.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú tó kọjá ni o pè mí pé Haleem ti bí obìnrin, pé Àlímọ̀t ni ẹ ó sọ ọ́, pé o fẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ohùn ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ṣí yàrá náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí ohùn kankan níbẹ̀. Àwòrán ìgbéyàwó ló kún ibẹ̀ bámúbámú.

Àbúrò mi Tawfiq, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá bá wa láti Ìjẹ̀bú, wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò kí mi kú iṣẹ́. Mo bá yín gbálẹ̀ ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìdọ̀tí pọ̀, mo pa á rẹ́ kí àwòrán ìgbéyàwó lè ráyè. Obìnrin kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń bú àwọn ọ̀lẹ.”

Mo ní, “Tawfiq, ìyá Jíbrílù ni.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. N kò lè bá a wí, Jíbrílù. Nílé wa, ẹni tí ó bá gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ ohun tí o fi ṣọ́ mi kọ́ síta.

Mo pe Bilqis. Kò kí mi. Ó kàn béèrè ọjọ́ tí Tawfiq gbálẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní, “Bàbá mi, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló kù tí ohùn Ìyá wà nínú rẹ̀, ọ̀la Ọjọ́bọ̀ ni tuntun yóò sì lé e jáde. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù.” Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, ó ti dá yàrá náà padà sí bí ó ti rí kí Tawfiq tó gbá a. Tawfiq ló kọ́kọ́ gbọ́ ohùn náà. Ó sunkún bí ọmọdé.

Bí o bá ti pè mí ní ọjọ́ kejì ni, ẹ̀bẹ̀ nìkan ni ǹ bá máa kọ sí ọ. Ìwọ ni o gba ìyá rẹ là, ọmọ yìí sì bá ọ gbà wọ́n. Mo ti já páálí náà kúrò lórí ìṣó. Olúkúlùkù ti ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ báyìí, ẹnì kan kò sì lè gbálẹ̀ ẹlòmíràn. Mo tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ rẹ lójú gbogbo ìjókòó.

Ẹ bá mi fi ọwọ́ pa Àlímọ̀t kékeré lórí. Bilqis ti ṣí yàrá náà sílẹ̀ lórí fóònù rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àlejò pàtàkì, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín kí ẹ dákẹ́ díẹ̀: Ìyá Àlímọ̀t ni ó kàn láti sọ̀rọ̀. Wọn yóò ki ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni wọn yóò béèrè bí wọ́n ti máa ń béèrè: “Ẹ̀yin ọ̀lẹ méjì yìí, ta ni yóò pọn omi?” Jíbrílù, bá mi dáhùn.

Èmi ni ọ̀lẹ kejì rẹ títí ayé,
Jímọ̀ Ògúnmúyìwá.