Jáde Nínú Ilé Opó Yẹn

Òkè Gádà,
Ẹdẹ, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Fàdìlàt ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ọ̀fọ̀ ọkọ rẹ, mo sì kí ọ kú ìfaradà ilẹ̀ onílẹ̀. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń rí oúnjẹ jẹ? Ṣé o ń rí oorun sùn? Bí o bá bi èmi náà, ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ láti ìgbà tí fóònù rẹ kò ti wọlé mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí o má baà rò pé ìyá rẹ kì í bẹ̀rù.

Azeemah ọmọ rẹ wà lọ́dọ̀ mi lálàáfíà. Ó ti ká eyín iwájú kan, gbogbo àlejò tó bá wọlé ló sì ń la ẹnu hàn. Ó bi mí pé ṣé àwọn ará Málì kì í gbé fóònù nínú ààwẹ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Najeem, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Niamey, ló mú ìròyìn wá. Ó bá àwọn oníṣòwò Yorùbá tó sá kúrò ní ìlú yín pàdé níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn Tuareg, àwọn ará aṣálẹ̀ tó fẹ́ ya ilẹ̀ tiwọn sọ́tọ̀ kúrò lára Málì, ti wọ ìlú, àti pé ìjọba ti pe àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè kan wá láti bá òun lé wọn. Òyìnbó ni wọ́n. Wọn ò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ojúlé dé ojúlé ni wọ́n sì ń wọ̀, wọ́n ń wá ọ̀tá.

Mo ní, "Fàdìlàt ńkọ́?" Ó dojú bolẹ̀. Ó ní gbogbo ọmọ Ẹdẹ tó wà níbẹ̀ ló ti kúrò, ó ku ìwọ nìkan. Wọ́n wá ọ wálé pé kí o bọ́ sínú ọkọ̀, o ní inú opó lo wà, o kò tíì pé oṣù mẹ́rin ọjọ́ mẹ́wàá tí opó Mùsùlùmí fi ń jókòó sílé, o kò ní jáde.

Mo jókòó sórí àpò gaàrí. Nígbà tí o pè mí kẹ́yìn, o ní, "Màámi, bàbá ọkọ mi ti ní kí n má jáde. Bí mo bá jáde, wọ́n á ní mi ò fẹ́ràn Sàídì." Mo rò pé ọjà lo fẹ́ lọ ni. N kò mọ̀ pé ìbọn ti ń dún lẹ́yìn ilé yín nígbà náà, o fi pa mọ́ fún mi. Inú ń bí mi sí ọ nítorí ìyẹn, n óò sì bá ọ jà bí o bá délé.

Mo mú Najeem dání, mo gba Sẹ́kọ́nà lọ bá Àfáà Bùràímọ̀, bàbá ọkọ rẹ. Ìjà ni mo bá lọ. O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí a ti di àna ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí wọn, lọ́jọ́ náà n kò kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí ọmọ mi jókòó, ẹ wá ní kó dìde." Wọn ò bínú. Ẹkún ni wọ́n bú sí. Wọ́n ní ẹnu ayé làwọn ń bẹ̀rù nígbà tí àwọn ní kí o má jáde, àwọn ò mọ̀ pé ogun wà nítòsí. Wọ́n ní bí ẹ̀mí opó bá wà nínú ewu, ẹ̀sìn wa yọ̀ǹda fún un kó jáde, ibi tó bá ti rí ààbò ni yóò ti parí opó rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ sọ fún un pé èmi Bùràímọ̀ ni mo ní kó jáde. Mo ti pàdánù Sàídì, n ò fẹ́ pàdánù ìyàwó rẹ̀." Wọ́n sọ ọ́ sínú fóònù Najeem, a fi ránṣẹ́, kò lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà. Wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn kọ tiwọn ní kéwú sẹ́yìn ìwé yìí.

Tawheed àbúrò rẹ ń jiyàn nílé pé àwọn Tuareg jàre, pé ẹni bá fẹ́ dá dúró, kí wọ́n jẹ́ kó dá dúró, ṣebí àwọn Yorùbá kan náà ń wí bẹ́ẹ̀. N kò bá a jiyàn. Mo kàn ń rò ó pé bí ó bá di ìjà ní Ẹdẹ níbí, ta ni wọn yóò lọ pè wá láti òkèèrè, kí la ó sì sọ fún wọn tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn. Mi ò lè jẹun dáadáa mọ́.

Najeem yóò fi lẹ́tà yìí lé awakọ̀ kan lọ́wọ́ ní Niamey, ẹni tó ṣì ń gba ọ̀nà ìlú yín. Bí ó bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má di ẹrù. Fi ọjà Sàídì sílẹ̀, fi ìkòkò sílẹ̀, wọ aṣọ opó rẹ bẹ́ẹ̀, kí o sì tẹ̀ lé awakọ̀ náà. Ní Niamey, béèrè mọ́sáláṣí àwọn Yorùbá. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ìwọ kì í sì í ṣe arọ.

Kí Ọlọ́run bo ojú ẹni ibi tó ń wá ọ, kí Ó la ojú ẹni rere tó máa gbé ọ. Ilẹ̀ Málì ti gba Sàídì, kò ní gba méjì lọ́wọ́ wa. Wà á fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn wọlé bá ọmọ rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń wo ọ̀nà,
Àwáwù.

Àfikún: Najeem ti fẹ́ gbéra. Mo tún pe nọ́ńbà rẹ kí n tó fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́, ó sì wọlé. Mo ti ń pe orúkọ rẹ kí n tó gbọ́ pé ọkùnrin ló gbé e. Najeem gbà á, ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Hausa, ó gbọ́ díẹ̀ nínú ti àwọn Tuareg, ó ní kò sí èyí tí ọkùnrin náà ń sọ nínú wọn, ó jọ èdè òyìnbó mìíràn. Mo gba fóònù padà, mo ń bẹ ọkùnrin náà ní Yorùbá pé kó fún ọ gbọ́. Ó gbọ́ mi tán, lẹ́yìn náà ó pa á. A tún pè, kò wọlé mọ́. Najeem bi mí pé ṣé kí òun ṣì gbé lẹ́tà náà. Mo ní kó gbé e. Fàdìlàt, jọ̀ọ́, jáde.