Bẹ́ẹ̀dì Kan Lórí Òkè

Bàbá wọn, ẹ kú ojúmọ́. Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Oúnjẹ yín wà lábẹ́ ọmọrí.

Ọmọ wa obìnrin pè láàárọ̀ yìí. Ó ní ká sọ ibi tí a máa dé sí nígbà ìsinmi wa kó tó di ọ̀sán. Èmi fúnra mi ka ìwé tó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi kà á, síbẹ̀ orí mi dàrú. Ti ìlú ńlá kò le: ẹ jẹ́ ká mú òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ká má baà ru ẹrù jìnnà. Ti orí òkè ni mi ò mọ èwo ni ṣíṣe. Ilé kan ní yàrá méjì, ṣùgbọ́n ògiri ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí. Èkejì ní yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan, gbogbo òkè ló sì wà lójú fèrèsé.

Mo ní kí ọmọ wa bá wa mú un. Ó bú sẹ́rìn-ín: “Màámi, ṣé èmi ni mo fẹ́ sùn níbẹ̀ ni?”

Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti kó lọ sí yàrá ọmọ wa nítorí orúnkún yín. Orúnkún ti san. Ẹ kò ní kí n padà, èmi náà kò béèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀kan. Màá yà wálé láago mọ́kànlá wá wò ó.

YÀRÁ KAN

YÀRÁ MÉJÌ

Ẹ má tìtorí ìhanrun yín mú méjì o. Mò ń gbọ́ ọ lára ògiri lálaalẹ́. Òun ni mo fi ń sùn.