Omi Tó Ń Ta Ìyá Àgbà

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Ìfẹ́sowápọ̀,
                                        Ìbafọ̀, Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Bàṣírátù ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé irú èmi gbé bírò láti kọ̀wé sí yín lórí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo sì fà á ya, torí mo rò pé kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kí ẹ ti gbọ́ ọ. N kò lè pè yín lórí fóònù. Ògiri ilé yìí létí.

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Bọ̀ọ̀dá Akóredé ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ọkọ̀ ń lọ déédéé? Toyyibah ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Mo gbọ́ pé òjò ti ba ọ̀nà Òkè-Àrò jẹ́. Ẹ kú ìfaradà. Èmi náà wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo ń kọ́ nílé ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹni tó ṣìnà wọ ilé onílé ni mo ń jókòó sí kíláàsì.

Ẹ rántí pé wọ́n ní Ìyá Àgbà ti ń ṣarán, pé ìdí nìyẹn tí Dádì Mùízz fi dá wọn padà sí ilé ẹbí ní Ifọ̀. Irọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ mọ ẹ̀rọ omi onírin tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti máa ń ṣe àlùwàlá, torí wọ́n ní omi búùtà kì í tẹ́ àwọn lọ́rùn. Wọ́n á bọ́ sílípáàsì, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lásán lé sìmẹ́ńtì tútù, wọ́n á wá na ọwọ́ sí ẹ̀rọ. Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé omi náà ń ta àwọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó bá wọn. Wọn ò sọ pé iná gbé àwọn. Omi ni wọ́n fọwọ́ kàn, omi náà ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Bó bá ta wọ́n lónìí, ó lè má ta wọ́n lọ́la, àwọn ará ilé sì fi ṣe ẹ̀rín. Mọ́mì Mùízz á ní, "Ìyá, ṣé omi tiyín ti ń hu eyín ni?" Àwa yòókù, sílípáàsì kì í kúrò lẹ́sẹ̀ wa tí a bá ń pọnmi. Omi ò ta ẹnì kankan nínú wa rí.

Nígbà tó yá, Ìyá Àgbà ò lọ sídìí ẹ̀rọ mọ́. Iyanrìn tí wọ́n kó jọ fún iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń fi ṣe tàyámọ́mù, nígbà tí omi ń ṣàn nítòsí. Ìyẹn ló parí ẹjọ́. Dádì Mùízz ní Mùsùlùmí tó fi omi sílẹ̀ tó ń fi iyanrìn pa ojú, orí rẹ̀ ò pé mọ́. Inú òjò ni wọ́n gbé wọn lọ sí Ifọ̀. Ìyá Àgbà ò jà. Wọ́n kàn ní kí n bá àwọn fi ọṣẹ dúdú sínú báàgì.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo fọ ẹsẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi náà láìwọ bàtà, ó sì gbọ̀n mí dé èjìká. N kò gba ara mi gbọ́. Mo fi tẹ́sítà tí a fi ń wá iná kan irin ẹ̀rọ, ó tàn, mo tún ní bóyá tẹ́sítà ló ń parọ́, torí wọ́n kọ́ wa pé ó máa ń parọ́. Mo wá yá mítà tí Bólúwadúró, ọmọ kíláàsì mi, fi ń wọn iná, mo fi ẹnu rẹ̀ kan sí irin, ìkejì sí ilẹ̀ tútù. Iná wà níbẹ̀. Kò pọ̀ tó iná ilé, ṣùgbọ́n ó tó gbọn àgbàlagbà nù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa bíréékà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo pa ti pọ́ǹpù tó ń fa omi kànga ni mítà padà sí òdo. Mo tọ wáyà pọ́ǹpù náà dé ìdí táǹkì: wọ́n ti fi okùn irin dì í mọ́ páìpù, irin sì ti jẹ awọ rẹ̀ dé inú. Wáyà tó yẹ kó gbé iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀ wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n wọn ò so ó mọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ká a sí. Bí iná bá wà, omi á ta. Bí wọ́n bá mú iná lọ, omi á padà di omi. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí Ìyá Àgbà sọ.

Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé fún Dádì Mùízz. Mo rò pé Ifọ̀ ni wọ́n máa kọjú sí lọ́gán. Wọ́n pe Ògúnkànmí oníná, ó pààrọ̀ wáyà, ó sì so ti ilẹ̀ mọ́ irin tó rì mọ́lẹ̀. Nígbà tó lọ tán, wọ́n pè mí, wọn ò tiẹ̀ gbóhùn sókè.

"Ẹnjiníà, o ṣeun. Àmọ́ ṣé o fẹ́ kí ẹbí gbọ́ pé mo lé ìyá mi nílé nítorí páìpù? Má jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni."

Ẹ mọ̀ pé àwọn ló ń sanwó ilé ìwé mi. Wọn ò sọ ìyẹn, kò sì sí ìdí tí wọ́n fi máa sọ ọ́. Ọjà Mọ́mì Mùízz ló kún yàrá Ìyá Àgbà báyìí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nílé tiwa, orí àgbà gan-an ló wọ́, gbogbo wa sì wà lọ́jà.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, Ìyá Àgbà pè. Dádì Mùízz gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè máa gbọ́. Ìyá Àgbà ní, "Ikram, ìwọ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé omi yẹn ni, àbí orí mi?" Mo wo ojú Dádì Mùízz. Mo ní, "Ìyá, ẹ máa sinmi." Wọ́n ní ó dáa, pé orí àwọn ni nìyẹn. Mo gbọ́ pé wọn ò fọwọ́ kan omi ní Ifọ̀ náà mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, Òkè-Àrò sún mọ́ Ifọ̀ ju ibí lọ. Ẹ dákun, ẹ bá mi lọ. Ẹ mú wọn lọ sídìí omi, ẹ bọ́ bàtà yín pẹ̀lú wọn, kí ẹ sọ ọ́ sí wọn létí pé kì í ṣe orí wọn.

Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Akóredé, ẹ fẹnu ko Toyyibah lẹ́nu fún mi. Bí ẹ bá ka lẹ́tà yìí tán, ẹ fi dáná. Bí ẹbí bá bi yín, ẹ ní ẹ ò gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ mi. Mo mọ ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe: Ìyá Àgbà nìkan ni yóò mọ̀ pé orí òun pé, gbogbo wa yòókù á sì máa bá a lọ pé wọ́n ń ṣarán.

Àbúrò yín tí ẹnu rẹ̀ ò gbà á,
Ikram.