Ojú Pópó Ni Kó Ti Sọ Ọ́

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Wọ́n gbà! Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá fọwọ́ sí i láàárọ̀ yìí. Mo ti lọ, mo ti bọ̀, títí àwọn tó ń ṣọ́ géètì fi sọ mí ní "Àǹtí Ìwádìí". Ìjókòó ojúkojú: ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, inú yàrá kan náà, kí wọ́n jọ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tó lè tún un ṣe. Èmi á wà ní igun, màá máa wò, màá máa kọ. Ohun tí mo ti ń fi ìwé kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì látọjọ́ yìí, ojú mi á wá rí i.

Obìnrin ni ọ̀gá náà. Kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ẹ jẹ́ kó dáa o. Tó bá dàrú, orí mi ni olú iléeṣẹ́ máa dì í lé." Mo ní kò ní dàrú.

Mọ́mì gbọ́ nílé: "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Mo ní ìdí tá a fi fẹ́ jókòó ká tó dé kóòtù nìyẹn. Ó wò mí látòkèdélẹ̀. "Ẹnu rẹ ti ń mú jù, ọmọ yìí."

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Ìjókòó àkọ́kọ́. Aládùúgbò méjì, fèrèsé tó fọ́, èébú tó pọ̀ ju fèrèsé lọ. Wọ́n parí ẹ̀, wọ́n jọ wọ kẹ̀kẹ́ kan náà lọ sílé. Orí mi wú.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta

Ọ̀rọ̀ dé.

Káfíńtà kan wọlé, òun àti ìyàwó ẹ̀. Ó gbọ́ pé yàrá kan wà níbí tí wọ́n ti ń pe ẹni tó ṣẹ̀ wá jókòó. Ọ̀gá bi í pé ta ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó na ìka sí sájẹ́ǹtì tó wà nídìí káńtà.

Àrá ni mo ń pe sájẹ́ǹtì yẹn nínú ìwé yìí, torí ohùn ẹ̀. Tó bá kí èèyàn "ẹ káàárọ̀", bí ẹni ń lé olè ni.

Ohun tí káfíńtà sọ rèé. Nígbà òjò tó kọjá, wọ́n ń wá ẹni tó jí jẹnẹrétọ̀ gbé. Àrá ká a mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, kò béèrè ọ̀rọ̀, ó gbá a létí, ó wọ́ ọ láìwọ bàtà láti orí títì dé ìdí mọ́tò ọlọ́pàá. Gbogbo àdúgbò ń pariwo olè. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ tẹ olè gidi. Wọ́n ní kí káfíńtà máa lọ sílé. Ó parí. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un.

Etí òsì ẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn ún jù kọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ kó wọ yàrá àwọn wá wọn kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Nílé ìwé, "Ọmọ Olè" ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ní ẹni tó bá ṣẹ̀ á wá jókòó. Àbí ẹni tó wọ yunifọ́ọ̀mù kì í ṣẹ̀ ni?"

Ọ̀gá wò mí. Mo wo ọ̀gá.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kẹta

Ọ̀gá kọ̀. Ó ní ti ará ìlú la jọ sọ, a ò sọ ti ọlọ́pàá. Tí ọ̀kan bá jókòó, gbogbo ayé á gbé tiwọn dé. Mo ní kí wọ́n gbé e dé. Ó ní kí n bọ́ síta.

Mo bọ́ síta. Mo dúró ti mọ́tò mi. Tó bá jẹ́ ẹni tí ò wọ yunifọ́ọ̀mù nìkan ló máa ń jókòó sórí àga yẹn, ìwádìí kọ́ ni mò ń ṣe. Ojú ayé ni.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kẹta

Mo rò ó fún Mọ́mì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, kò pòwe. Ó kàn ní, "Má gbà."

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹta

Mo lọ bá ọ̀gá. Mo ní mo fẹ́ palẹ̀ ìwádìí mọ́, màá sì sọ ohun tó fà á fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí.

"Ṣé ẹ̀ ń halẹ̀ mọ́ mi ni?"

"Rárá, mà. Mò ń dágbére ni."

Kó tó fèsì, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Àrá! Ohùn ẹ̀ wálẹ̀ débi pé mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíì ni. "Mà, ẹ jẹ́ kí n jókòó pẹ̀lú ọkùnrin yẹn."

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Ìyàwó mi, mà." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Ó ní òun ròyìn ẹ̀ fún un nílé pẹ̀lú ẹ̀rín, pé káfíńtà kan fẹ́ kí òun wá jẹ́jọ́. Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé tó bá jẹ́ Àrá ni wọ́n wọ́ báyẹn lójú àwọn ọmọ wọn, kí ló fẹ́ kí òun sọ fáwọn ọmọ náà? "Mi ò rí nǹkan sọ, mà. Láti àná ni mi ò ti rí nǹkan sọ."

Ọ̀gá wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ó wá ní, "Ọjọ́bọ̀."

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kẹta

Kí n kọ ọ́ kó tó sá kúrò lórí mi.

Káfíńtà yí àga ẹ̀ kí etí ọ̀tún lè kọjú sí Àrá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la rí i. Àrá náà rí i, ó dorí kodò.

Àrá bẹ̀rẹ̀: "Tí mo bá ṣẹ̀ yín..."

Káfíńtà gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ yọ 'tí' kúrò."

Àrá gbé orí sókè. "Mo ṣẹ̀ yín. Mi ò béèrè nǹkan kan kí n tó gbá yín létí. Nígbà tá a mú olè gidi, ojú tì mí láti padà wá bá yín. Mo wá ṣe bíi pé ó ti parí."

Ìyàwó káfíńtà bú sẹ́kún. "Kò parí," ló ń sọ. "Kò parí nílé wa."

Ọ̀gá ní àwọn á tọ́jú etí náà. Káfíńtà dúpẹ́, àmọ́ ó ní ìyẹn ẹ̀tọ́ òun ni, kí wọ́n má fi ṣe ẹ̀bẹ̀. "Ojú pópó lẹ ti wọ́ mi. Ojú pópó ni kí ẹ ti sọ pé mi ò jalè. Lọ́sàn-án gangan. Nínú yunifọ́ọ̀mù."

Ọ̀gá fò dìde. "Yunifọ́ọ̀mù kì í ṣe aṣọ ẹ̀bẹ̀!"

"Òun ni aṣọ tí wọ́n fi wọ́ mi, mà."

Ọ̀gá padà jókòó, ó ṣí fìlà ẹ̀, ó gbé e lé itan, ó ń fọwọ́ pa á. Lẹ́yìn náà: "Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Èmi náà ń bọ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹta

Mo lọ sí àdúgbò káfíńtà. Oòrùn mú. Onígbàjámọ̀ jáde tòun ti ẹ̀rọ ìgẹrun lọ́wọ́, oníbàárà ẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹ̀gbẹ́ orí kan fá, ìkejì ò tíì fá. Olóògùn dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ọmọ àti àgbà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Mo ti ń bínú sí ohùn Àrá látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Lónìí, mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run fún un.

"Ẹ̀yin ará àdúgbò! Èmi ni mo wọ́ ọkùnrin yìí gba ibí! Kò jalè! Èmi ni mo ṣìṣe! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè, ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́ o!"

Ẹnì kan ní, "Ṣé ọlọ́pàá náà ń bẹ̀bẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òógùn ń dà lọ́rùn Àrá, kò sá. Ó rìn dé ìdí títì, ibi tí mọ́tò ọlọ́pàá dúró sí lọ́jọ́ náà, ó tún gbogbo ẹ̀ sọ. Ọ̀gá dúró tì í gbọn-in.

Káfíńtà ò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Mo gbọ́ yín. Mi ò tíì dárí jì yín. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ yín."

Àrá ní, "Ó tó mi."

Ọmọbìnrin káfíńtà rìn bọ́ sáàárín títì, ó gbáyà síwájú, ó ń wo ojú àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Olóògùn wá béèrè bóyá káfíńtà lè bá òun wo ìlẹ̀kùn yàrá òun lọ́la. Yàrá!

Mo ti ka ìwé rẹpẹtẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí èyí tó sọ ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn yàrá.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹta

Mo sọ ọ́ fún Mọ́mì. Ó ní kí n tún un sọ.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kẹta

Wàhálà. Olú iléeṣẹ́ ní ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan ọlọ́pàá ní àgọ́ yìí ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ìwádìí mi ló ba àgọ́ jẹ́, wọ́n ní. Ọ̀gá ńlá kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé wá fòpin sí i.

Òótọ́ ni pé èrò ń wá. Wọ́n ń dé ìdí káńtà, wọ́n ń sọ pé, "Ẹ bá wa pe sájẹ́ǹtì tó sọ òótọ́ yẹn." Àrá á fa àga fún wọn.

Ọjọ́ Ajé, 31 oṣù kẹta

Ọ̀gá ńlá dé nínú aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ojú ẹ̀ le. "Ẹ ti sọ àgọ́ ọlọ́pàá di ọjà ẹ̀sùn."

Mo ti la ẹnu. Ọ̀gá wa ṣáájú mi.

"Sà, ṣé ẹ rò pé ìwà wa ṣẹ̀ṣẹ̀ burú lóṣù yìí ni? Ohun tí wọ́n ti ń gbé mì látọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ń pọ̀ jáde. Ẹni téèyàn ò bá fọkàn tán, a kì í lọ fẹjọ́ sùn ún. Ẹ fẹ́ kí wọ́n padà sí gbígbé e mì ni?"

Ọdún mélòó ni mo ti fi ń kọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì! Mi ò sọ ọ́ dáa tó báyìí rí. Ó ṣe mí bíi kí n pàtẹ́wọ́. Mo di ọwọ́ mi mú sẹ́yìn.

Ọ̀gá ńlá dìde. Ó ní kí n fi yàrá náà han òun. Àga tí wọ́n tò yípo, kò sí tábìlì láàárín. Ó jókòó sórí ọ̀kan. Ó ní kí ọ̀gá wa fún wa láyè díẹ̀. Ìlẹ̀kùn padé.

Ohùn ẹ̀ wálẹ̀. "Ọ̀mọ̀wé. Tó bá jẹ́ pé ọ̀gá èèyàn ló ṣẹ̀ èèyàn ńkọ́? Ọ̀gá tó ga ju èmi yìí lọ?"

Mo na ọwọ́ sí àga tó kọjú sí tiẹ̀. "Ibẹ̀ yẹn ló máa jókòó sí, sà."